Ẹ Bi Wá Nípa Ilé Kíkọ́: Ohun Àlòkù Tó Lè Di Ilé, Àti Èyí Tẹ́ẹ Gbọ́dọ̀ Fi Sílẹ̀

Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ tàwọn ìdílé tó fẹ́ kọ́lé ṣùgbọ́n tówó ọwọ́ wọn ò ká a. Wọ́n ti gbọ́ pé èèyàn lè fi bíríkì, ilẹ̀kùn, pákó àti páànù ara ilé tí wọ́n wó kọ́lé, wọ́n wá ń bèèrè bóyá òótọ́ ni, ibo lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀, kí sì lèèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Mo gé àwọn lẹ́tà kan kúrú kí àyè lè gba èyí tó pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọkọ mi ní ilẹ̀, a bí ọmọ mẹ́ta, a ṣì ń san rẹ́ǹtì láti ọjọ́ tá a ti ṣègbéyàwó. Wọ́n fẹ́ wó ilé ńlá kan nítòsí wa, onílé sì ní ká wá kó ohun tó bá wù wá níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Àkítẹ́ẹ̀tì ti ya plánù fún wa tẹ́lẹ̀. Ṣé ká kàn máa kó o lọ ni? Ṣé owó wa á sì dínkù lóòótọ́? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Owó yín lè dínkù, ó sì lè dínkù gan-an, àmọ́ plánù tẹ́ẹ ti yà sílẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tuntun kọ́lé, plánù ló kọ́kọ́ ń yà, á wá lọ ra ọjà tó bá plánù mu. Tiyín ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ẹ bá rí kó ló máa sọ bí ilé ṣe máa rí, torí fèrèsé àlòkù ò mọ̀ pé sẹ̀ńtímítà 120 ni àkítẹ́ẹ̀tì kọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ 108, ó lè jẹ́ 135, tí bíríkìlà bá sì ti fi àyè 120 sílẹ̀ lára ògiri, ẹ ó tún san owó kí wọ́n fọ́ ògiri tuntun tàbí kí wọ́n gé férémù tó dáa, ibẹ̀ ni gbogbo èrè yẹn máa gbà lọ. Torí náà ẹ kọ́kọ́ kó o jọ, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wá ya plánù. Tí plánù bá ti wà nílẹ̀ bíi tiyín yìí, ẹ gbé e padà lọ bá àkítẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìwé tẹ́ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ẹ kó sí, kó tún àyè fèrèsé àti ilẹ̀kùn yà kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ìwé yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó o. Bí nǹkan ṣe fẹ̀, bó ṣe ga, bó ṣe nípọn, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣí sí àbí òsì, ẹ kọ gbogbo ẹ̀, ẹ ya fótò ẹ̀, kẹ́ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lára. Ilẹ̀kùn, tòun ti férémù àti híńjì ẹ̀ ni kẹ́ẹ yọ ọ́. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ti wọ̀ mọ́ férémù tiẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti fẹ̀ níbì kan ó ti sún kì níbòmíì, tẹ́ẹ bá wá fi sínú férémù tuntun, kápẹ́ńtà á máa fági á máa gé, owó iṣẹ́ á sì máa lọ.

Kẹ́ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ ti mọ ibi tẹ́ẹ máa kó o sí. Pákó ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, ẹ fi bulọ́ọ̀kù gbé e sókè, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, ẹ bo orí ẹ̀ kí òjò má pa á, àmọ́ ẹ má wé e pa yípo, torí ọ̀rinrin tó bá há sínú ẹ̀ ló máa jẹ́ kó bu kó sì jẹrà. Fèrèsé onígíláàsì, òòró ni kẹ́ẹ gbé e dúró sí, ẹ má tò wọ́n lérí ara wọn nílẹ̀.

Ní ti owó, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí ni pé ohun àlòkù kì í wọ́n lójú ọjà, iṣẹ́ ara ẹ̀ ló wọ́n. Ẹni tó máa yọ ọ́ láìfọ́ ọ, lọ́rí tó máa gbé e, ẹni tó máa fa ìṣó inú pákó, ẹni tó máa ha sìmẹ́ǹtì ara bíríkì, tẹ́ẹ bá san owó fún gbogbo ìyẹn, ó lè ju tuntun lọ. Ibi tẹ́ẹ ti máa jèrè ni ibi tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ló ń ṣe iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò yẹn, àti ibi tí ohun náà bá fúyẹ́ tó sì níyì: ilẹ̀kùn igi gidi, fèrèsé, pákó ilẹ̀ ilé, kọ́bọ́ọ̀dù, bésìnnì tí wọ́n fi ń fọwọ́, táìlì tó kù odindi, irin àtẹ̀gùn. Èyí tó wúwo tí kò sì wọ́n, bí àfọ́kù kọnkéré, kò yẹ kẹ́ẹ sanwó lọ́rí lé e lórí láti ọ̀nà jíjìn, àfi tó bá wà nítòsí, ẹ lè fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kẹ́ẹ fi rọ abẹ́ ilẹ̀ yàrá kẹ́ẹ tó da kọnkéré tuntun lé e. Tẹ́ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù sílìńgì funfun tí wọ́n fi jípúsọ́ọ̀mù ṣe kúrò níbẹ̀, torí kẹ́míkà inú ẹ̀ tó ń jẹ́ sọ́féètì máa ń jẹ kọnkéré tómi bá ti dé ibẹ̀, ilẹ̀ yàrá á wú, á sì sán.

Ohun kan tó kù: kẹ́ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ra àlòkù, ẹ ti ya owó ìpìlẹ̀, píláà, igi òrùlé, wáyà iná àti páìpù omi sọ́tọ̀. Tuntun ni kẹ́ẹ fi ṣe àwọn yẹn. Àlòkù á máa bá yín dín owó ohun tó kù. Ẹ sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún owó yín pamọ́ fún ohun tẹ́ẹ ò rí tẹ́lẹ̀, torí ẹ ó rí i.

Ìbéèrè: Ẹnìkan fẹ́ ta bíríkì ilé àtijọ́ fún mi, ó pọ̀ lọ súà, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Àmọ́ bàbá bíríkìlà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní òun ò ní fi bíríkì àlòkù mọlé fún ẹnikẹ́ni. Ta ló tọ̀nà nínú wọn? — Ọmọkùnrin tó ń múra àtikọ́lé

Ìdáhùn: Bàbá ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo bíríkì àlòkù lọ̀rọ̀ wọn kàn. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ẹ máa wò kì í ṣe bíríkì gan-an, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gbàwé àṣẹ fún sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Portland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú ìgbà yẹn àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta, èyí táwọn bíríkìlà ń pè ní láìmù, ni wọ́n fi ń mọ bíríkì níbi púpọ̀. Láìmù rọ̀ ju bíríkì lọ. Tẹ́ẹ bá fi hámà àti ṣísẹ́ẹ̀lì kàn án díẹ̀, á bọ́, bíríkì á sì yọ lódindi. Sìmẹ́ǹtì líle ní tiẹ̀ sábà máa ń le ju bíríkì, tẹ́ẹ bá ń lù ú, bíríkì ló máa kọ́kọ́ fọ́, ẹ ó kàn máa fi agbára ṣòfò ni. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi òkìtì yẹn kẹ́ẹ fi ha ohun tó lẹ̀ mọ́ bíríkì lára. Tó bá ń ṣubú bí ìyẹ̀fun funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láìmù, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Tí kọ́kọ́rọ́ ò bá fi nǹkan kan ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Èkejì, ibi tí mo rò pé ẹ̀rù ti ń ba bàbá nìyí. Nínú ààrò àtijọ́, iná kì í kan gbogbo bíríkì dọ́gba. Èyí tó jìnnà síná kì í jinná dáadáa, ó máa ń rọ̀, àwọ̀ ẹ̀ sì máa ń mọ́ ju tàwọn yòókù. Àwọn tó kọ́lé láyé ọjọ́un mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ilé níbi tójò ò lè dé ni wọ́n ń fi èyí tó rọ̀ sí, wọ́n á fi èyí tó jinná síta. Ọjọ́ tí wọ́n wá wó ilé náà, gbogbo ẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra, èyí ló fà á tí ẹni tí kò mọ̀ á fi gbé bíríkì inú ilé síta, òjò ọdún díẹ̀ á sì jẹ ẹ́ títí á fi di kòtò lára ògiri. Torí náà ẹ ṣà á. Ẹ mú méjì kẹ́ẹ gbá wọn pọ̀, èyí tó bá dún gbangan bí irin dáa, èyí tó bá dún bọ̀ọ̀ rọ̀. Ẹ fi èékánná ha á, kò yẹ kó mú àpá. Ẹ wá mú mélòó kan, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó gbẹ, ẹ rì í sínú omi fún wákàtí 24, kẹ́ẹ tún un wọ̀n. Tó bá jẹ́ kílò 3 ló wọ̀n tẹ́lẹ̀ tó wá kọjá kílò 3.6, omi tó mu ti ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹ̀ lọ, èyí ò yẹ lójú òjò. Ẹ lè fi pín yàrá nínú ilé, kò burú.

Èyí tó bá ti dúdú fún èéfín, tó wá láti ara ṣímìnì, ẹ yà á sọ́tọ̀, torí tẹ́ẹ bá rẹ́ ẹ tẹ́ẹ sì kùn ún, àbàwọ́n ẹ̀ á ṣì máa yọ síta lára pẹ́ńtì. Ẹ fi omi wọ́n bíríkì kẹ́ẹ tó mọ ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu tán kó tó le. Ẹ sì bẹ bàbá kí wọ́n má po sìmẹ́ǹtì tó le jù fún bíríkì tó rọ̀, ohun tó so bíríkì pọ̀ ló yẹ kó rọ̀ ju bíríkì lọ, kó lè jẹ́ pé tí ilé bá sún díẹ̀ ibẹ̀ ló máa sán, kì í ṣe bíríkì. Tẹ́ẹ bá ṣe àwọn nǹkan yìí lójú bàbá, tẹ́ẹ ṣà á níwájú wọn, mo rò pé wọ́n á gbà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ọkọ mi lọ ra irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ láti ara dẹ́kìn ilé tí wọ́n fọ́. Gbogbo ẹ̀ ti wọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní àwọn á nà án tààrà, àwọn á fi ṣe píláà wa. Ọkàn mi ò balẹ̀, ó ní mo ti ń ṣàníyàn jù. — Ìyàwó ilé

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ò ṣàníyàn jù. Bàbá ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ka ibí yìí, mo mọ̀ pé torí kẹ́ẹ lè tètè kó ìdílé yín wọlé lẹ ṣe rà á, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí fún ìyẹn. Àmọ́ ẹ mú wáyà kan lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ẹ tún un ṣe, ó ti já. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú rọ́ọ̀dù nìyẹn tí wọ́n bá fà á wọ́ tí wọ́n sì nà án padà. Ojú lè má rí i, ibi tó ti tẹ̀ yẹn á ti le ganpa, kò ní lè fà mọ́, ó sì lè ti sán wẹ́wẹ́ nínú.

Kọnkéré lágbára gan-an tẹ́ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ tẹ́ẹ bá ń fà á ó ya bọ̀rọ̀, irin inú ẹ̀ ló ń gba fífà yẹn fún un. Irin tó dáa máa ń fà díẹ̀ kó tó já, fífà yẹn ló ń jẹ́ kí ilé kọ́kọ́ sán, kó tẹ̀, kí àwọn tó wà nínú ẹ̀ lè rí i kí wọ́n jáde. Irin tó ti le ganpa kì í kìlọ̀. Ẹ tún wá ro ìpẹtà tó ti jẹ lára ẹ̀, àti pé kò sí ìwé kankan tó sọ irú irin tó jẹ́, ẹ́ńjíníà ò sì lè fi ohun tí kò mọ agbára ẹ̀ ṣírò.

Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Iná tí wọ́n máa fi yọ́ ọ nílé iṣẹ́ ló ń sọ ọ́ di irin tuntun padà, hámà ò lè ṣe é. Èyí tẹ́ẹ bá fẹ́ mú kù níbẹ̀, ẹ fi ṣe ọgbà, ẹ fi gbé ohun ọ̀gbìn dúró. Kò gbọdọ̀ sí èyí tó máa wọ inú píláà, ìpìlẹ̀, dẹ́kìn tàbí orí fèrèsé. Tówó ò bá tó fún rọ́ọ̀dù tuntun lónìí, ẹ dín ilé kù, ẹ kọ́ yàrá méjì dípò mẹ́rin, ẹ ó fi ìyókù kún un tó bá yá.

Ìbéèrè: Páálẹ́ẹ̀tì pọ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ká máa kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tún rí pákó àtijọ́ rà. Ṣé mo lè fi ṣe ilẹ̀ ilé àti sílìńgì yàrá àwọn ọmọ? — Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn: Pákó àtijọ́ lè dáa ju tuntun lọ, ẹ gbà mí gbọ́. Púpọ̀ nínú igi tí wọ́n gé láyé àtijọ́ ti dàgbà gan-an kí wọ́n tó gé e, òrùka ara ẹ̀ sún mọ́ra, ó sì ti gbẹ tipẹ́, kò tún ní máa wọ́ kiri mọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣónṣó gún un káàkiri, pàápàá jù lọ ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wẹ́rẹ́, ó ti jẹrà. Ihò wẹ́wẹ́ tí ìyẹ̀fun igi ń dà jáde lára ẹ̀ sọ pé kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, ẹ má gbé ìyẹn wọlé rárá, torí igi tuntun tẹ́ẹ fowó gidi rà ló tún kàn. Ẹ fa gbogbo ìṣó kúrò kí ayùn tó kàn án. Ìṣó tó bá kù sínú lè fọ́ eyín ayùn, ó sì lè fò sí ẹni tó ń gé e lójú, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wá irin wò ó tẹ́ẹ bá rí yá.

Páálẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Èyí tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì máa ń ní àmì IPPC, ìyẹn àmì àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun ọ̀gbìn, pẹ̀lú lẹ́tà méjì níbẹ̀. Tó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, wọ́n jẹ́ kí àárín igi náà gbóná dé 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹ lè lo ìyẹn. Tó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró tó ń jẹ́ methyl bromide ni wọ́n fín sí i, ẹ má gbé e sí yàrá ọmọ. Èyí tí kò ní àmì kankan, tàbí tí epo ti dà sí lára, tàbí tó ń rùn, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ti gbé lé e.

Igi kan tún wà tí àwọ̀ ẹ̀ fẹ́ jọ ewé, tí wọ́n ti lo oògùn bàbà, kírómíọ́ọ̀mù àti ásẹ́níìkì sí lára kí ikán má jẹ ẹ́. Ẹ má fági ẹ̀ nínú ilé, ẹ má sì fi dáná láé, torí ásẹ́níìkì yẹn ò jóná, inú èéfín àti eérú ló ń wà. Pákó abẹ́ irin rélùwéè pẹ̀lú, kíríósóòtì tó wà lára ẹ̀, ìyẹn epo dúdú tí wọ́n fi ń pa á kó má jẹrà, ò yẹ kó wọlé sùn tì èèyàn. Ẹ sì má fi páálẹ́ẹ̀tì ṣe igi tó máa gbé òrùlé dúró o, ara ògiri àti sílìńgì lààyè ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ra páànù aláwọ̀ eérú tó nípọn láti ara ilé ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n wó, ó le, kò ní ìpẹtà kankan. Mo tún rí ilẹ̀kùn àtijọ́ mẹ́fà tí wọ́n ti kùn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo fẹ́ gé páànù yẹn kó bá òrùlé mi mu, kí n sì fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn. — Oníléètuntun

Ìdáhùn: Ẹ dúró o! Ẹ má gé e, ẹ má lu ú, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ibi tẹ́ẹ tò ó sí.

Bẹ́ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú òkúta ni, wọ́n máa ń pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì fún páànù, sílìńgì àti páìpù, torí kì í jóná, kì í sì í dípẹtà. Àmọ́ tẹ́ẹ bá fi ayùn kàn án, okùn yẹn á di eruku tójú ò lè rí, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé gbogbo irú ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Ohun tó jẹ́ kó burú jù ni pé àìsàn náà kì í tètè yọjú, ó lè tó 20 ọdún, ó lè tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó gé e lónìí ò ní rí nǹkan kan, ọ̀la kò ní rí nǹkan kan, á rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìyókù ẹ̀ lọ́dún 1999, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè míì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú lásán ò lè fi í hàn, ilé àyẹ̀wò ló lè sọ. Títí wọ́n á fi sọ, ẹ rọra fi omi rin ín, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bò ó, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kẹ́ẹ pe ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àwọn tó ń rí sí ìdọ̀tí olóró pé kí ni wọ́n ní kẹ́ẹ ṣe sí i. Aṣọ tẹ́ẹ fi dí imú ò lè dá eruku yẹn dúró. Mo mọ̀ pé owó yín ti wọlé síbẹ̀, ó dùn mí fún yín lóòótọ́.

Ilẹ̀kùn yẹn ní tiẹ̀ ṣeé gbà là. Pẹ́ńtì àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, Amẹ́ríkà ò fòfin dè é nínú pẹ́ńtì ilé títí di ọdún 1978, àwọn ibòmíì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, díẹ̀ lásán nínú eruku tí wọ́n fi ìka kó sẹ́nu tó ṣe é. Torí náà ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, ẹ má fi iná jó o. Tí pẹ́ńtì ọ̀hún bá ṣì lẹ̀ dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ẹ kun tuntun lé e. Tó bá ń ṣí, ìta ni kẹ́ẹ ti ṣe é, ẹ fi oògùn tó ń yọ pẹ́ńtì pa á, ẹ ha á ní tútù lórí ọ̀rá, kẹ́ẹ di gbogbo èérún ẹ̀ pọ̀, kẹ́ẹ wẹ̀ kẹ́ẹ tó gbé ọmọ.

Àwọn ìbéèrè kékeré tó pọ̀

Ṣé gíláàsì àlòkù ṣeé gé? Èyí tó pọ̀ ṣeé gé, àmọ́ gíláàsì tí wọ́n fi iná le, irú tó máa ń wà lára ilẹ̀kùn onígíláàsì àti báfúròómù, ò ṣeé gé láéláé, gbogbo ẹ̀ ló máa fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo igun ẹ̀, wọ́n sábà máa ń tẹ àmì kékeré síbẹ̀. Bó ṣe wà ni kẹ́ẹ ṣe lò ó.

Wáyà iná, sókẹ́ẹ̀tì, súwíìṣì àlòkù ńkọ́? Rárá. Rọ́bà ara wáyà máa ń gbó, iná ilé ló ń tibẹ̀ wá. Fìtílà orí sílìńgì tó rẹwà, ẹ lè mú un, kí oníná yí wáyà inú ẹ̀ padà.

WC àlòkù? Ẹ wo iye omi tó ń lò. Àwọn àtijọ́ kan máa ń da lítà 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ti ìsinsìnyí ń lo 6 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ibi tẹ́ẹ bá ti ń sanwó omi, èyí tẹ́ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn á gba owó ẹ̀ padà lọ́wọ́ yín.

Kọntéénà? Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 fẹ̀ ní mítà 2.44 péré, tẹ́ẹ bá tún wá fi nǹkan tó ń dá ooru dúró sí ògiri méjèèjì, àyè á tún há sí i. Orí òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìwúwo ń gbà, tẹ́ẹ bá sì gé fèrèsé ńlá sára ògiri ẹ̀, wẹ́dà gbọ́dọ̀ fi férémù irin gbà á mọ́ra. Pákó ilẹ̀ ẹ̀ sábà máa ń ní oògùn kòkòrò, ẹ yọ ọ́ tàbí kẹ́ẹ bò ó pa. Kì í ṣe ilé olówó pọ́ọ́kú báwọn èèyàn ṣe rò.

Ìbéèrè: A ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ dáadáa, àmọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí ń sọ pé ilé ààtàn là ń kọ́. Ó ń dun ìyàwó mi. Ẹ sọ nǹkan kan fún wa. — Ọkọ rẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ kí ìyàwó yín fún mi, ẹ ní mo ní wọ́n kú iṣẹ́. Ní ìlú Ningbo ní Ṣáínà, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí wọ́n parí lọ́dún 2008, bíríkì àti táìlì òrùlé láti ara àwọn abúlé tí wọ́n wó ni wọ́n fi mọ ara ògiri ẹ̀. Wang Shu, àkítẹ́ẹ̀tì tó ya á, gba ẹ̀bùn Pritzker lọ́dún 2012, kò sì sí èyí tó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ yẹn. Ní Alabama ní Amẹ́ríkà, Samuel Mockbee àti D. K. Ruth dá Rural Studio sílẹ̀ lọ́dún 1993 ní Yunifásítì Auburn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń kọ́lé fún àwọn tí kò lówó, wọ́n tiẹ̀ ti fi gíláàsì iwájú ọkọ̀ àlòkù bo ilé ìpàdé kan. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ààtàn.

Àmọ́ mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín pẹ̀lú, torí ó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń jẹ́ kí ilé àlòkù rí játijàti ni kéèyàn máa lẹ ohun tó bá ṣáà ti dé mọ́ ibi tó bá ṣáà ti ṣí sílẹ̀. Ẹ kó àwọn tó jọra síbì kan. Tí fèrèsé yín bá jẹ́ oríṣi mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí oríṣi kan wà lójú ilé, kí òmíì wà lẹ́yìn, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí orí gbogbo wọn dọ́gba, ojú èèyàn máa ń tẹ̀ lé ìlà òkè yẹn. Ẹ kun gbogbo férémù ní àwọ̀ kan náà. Táìlì tó kù díẹ̀ díẹ̀, ẹ fi odindi sáàárín, kẹ́ẹ gé ìyókù sí etí. Kẹ́ẹ tò ó sílẹ̀ gbẹrẹfu kẹ́ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kẹ́ẹ pe ìyàwó yín kó wá wò ó, kó sọ bó ṣe fẹ́ kó rí, torí inú ibẹ̀ ló máa gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi èyí kún un. Ohun gbogbo tẹ́ẹ bá rà, ẹ gba risíìtì tàbí ìwé kékeré tí ẹni tó tà á fọwọ́ sí, kó sọ ilé tó ti yọ ọ́ àti pé òun ló ni ín. Irin, bàbà àti ilẹ̀kùn àtijọ́ ni àwọn olè ń jí jù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kan ilẹ̀kùn yín lọ́la kó ní tòun ni. Kẹ́ẹ sì fi ìwé náà han ẹni tó ń fọwọ́ sí plánù nígbà tó bá wá wo ilé, pẹ̀lú ìwé ẹ́ńjíníà fún gbogbo ohun tó ń gbé ẹrù, kó má di pé wọ́n dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn tẹ́ẹ ti dé òrùlé.